Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Arúgbó Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ náà ti dúdú. Inspẹ́kítọ̀ Morónikẹ́ Ìyàndá mú ọ̀kan nínú àwọn ìgò kéékèèké náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó rí i pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dì bí ẹ̀dọ̀ tí wọ́n bọ̀. Ó dá a padà sínú kúlà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì bojú wo àwọn tó dúró yí i ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Làmídì ní Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ nínú wọn.

"Ta ló kọ́kọ́ ṣí i?" ó bèèrè.

"Èmi ni." Dókítà Motúnráyọ̀ Adémidé ló dáhùn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà yẹn. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì tutù. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣòro. Ilé ìwádìí kan ní Ìbàdàn ni Dókítà Motúnráyọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá. Wọ́n ń wá ìdí tí àwọn kan fi ń pẹ́ láyé tí àwọn mìíràn kì í pẹ́. Wọ́n ti gbọ́ pé ní abà yìí, tí kò jìnnà sí Lálúpọn, ìyá kan wà tí wọ́n ń pè ní Alhaja Mùjíbátù, tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wo ẹ̀gẹ́ lóko. Ìyá tó bí i gbó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbó, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti ń hu ewú, kò sì sí èyí tó kú nínú wọn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n gba ti àwọn ará ilé tí kì í ṣe ìran rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi ọ̀kan wé èkejì. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ọkọ̀ òfurufú gbé e láti Alákíà lọ sí Èkó, kó tó ré kọjá sókè òkun. Ṣùgbọ́n òjò alẹ́ àná ti mú kí odò bo afárá títí ilẹ̀ fi mọ́, gbogbo wọn sì sùn sí agboolé náà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kúlà sùn.

"Kí lẹ̀ ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ arúgbó gan-an?" Morónikẹ́ bi í.

Dókítà náà fa etí ìborùn rẹ̀ jáde. "Ẹ wo ìṣẹ́tí aṣọ yìí. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ létí dáadáa, ó máa ń pẹ́ kó tó tú. Okùn àbùdá kan wà nínú ara wa tí ìyá àti bàbá fún wa, òun náà ní ìṣẹ́tí. Bí a bá ṣe ń dàgbà ló ń jẹ. Ìyá Àgbà yìí, ó jọ pé tiwọn kì í tètè jẹ. Mo fẹ́ mọ ohun tó dì í mú. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni mo nílò fún un, gbogbo rẹ̀ ló sì ti kú yìí."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí Rilwan, awakọ̀ wọn, fi wúkọ́.

"Ẹ má bínú, Màdáàmù," ó wí fún Morónikẹ́. "Ohun tí ojú mi rí kò ṣeé gbé mì. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àsùbáà, mo jáde láti ṣe àlùwàlá. Mo rí Dókítà Ògúntádé tó bẹ̀rẹ̀ sídìí kúlà yìí."

Gbogbo ojú yí sí ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Dókítà Tolúlàṣẹ Ògúntádé ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹ̀wù rẹ̀ funfun, kò sì rún rárá, bí ẹni pé kò sùn sórí ẹní lálẹ́ àná. Ó kàn ń wo Dókítà Motúnráyọ̀, Morónikẹ́ sì rí ohun tó wà nínú ìwò náà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n fi ọmọdébìnrin tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ṣe ọ̀gá lé e lórí ní àgọ́ ọlọ́pàá, òun náà sì ti fi irú ojú yẹn wo èèyàn rí.

* * *

Yàrá kékeré kan ni wọ́n fún Morónikẹ́ pé kó ti máa fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Àpò àgbàdo kún igun rẹ̀. Sájẹ́ǹtì Wándé, ọlọ́pàá tó bá a wá, dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó, Dókítà."

"Mo lè dúró."

"Ta ló kọ́ Dókítà Motúnráyọ̀ níṣẹ́?"

Tolúlàṣẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni."

"Ta ló kọ́kọ́ ronú kan iṣẹ́ àwọn arúgbó yìí?"

"Èmi náà ni."

"Ta wá lọ̀gá níbẹ̀ báyìí?"

"Ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó bi mí."

"Kí lẹ̀ ń wá nídìí kúlà láàárọ̀?"

"Mo lọ wò ó bóyá wọ́n dé e dáadáa. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Morónikẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ilẹ̀ abà yìí pupa. Ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà yín dúdú, eérú sì pò mọ́ ọn. Ibo lẹ ti tẹ eérú?"

Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀ bí ẹni tí bàtà náà já kulẹ̀. "Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́ àná. Mo lọ gba omi tí mo máa fi wẹ̀."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Ìyá kan tó ń dáná níbẹ̀. Mi ò mọ orúkọ wọn."

"Ẹ fi ọwọ́ ara yín gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ilé yìí láná, ẹ kọ orúkọ wọn sára ìgò. Ẹ wá ní ẹ ò mọ orúkọ wọn."

Nígbà tí Tolúlàṣẹ jáde, Wándé fẹnu sún mọ́ etí ọ̀gá rẹ̀.

"Kí la tún ń wá, Màdáàmù? Ó jowú obìnrin yẹn, wọ́n rí i nídìí kúlà, ó sì tún ń purọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ ká máa lọ."

"Owú nìkan kì í ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, Wándé. Bó bá jẹ́ pé ó ń bà á jẹ́ ni, wọn ì bá ti gbé èmi náà tì mọ́lé."

* * *

Alhaja Mùjíbátù wà lórí ẹní ní iwájú yàrá wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Ìka wọn kò gbọ̀n. Gbogbo ilé ń pè wọ́n ní Ìyá Àgbà. Morónikẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó sí etí ẹní náà.

"Wọ́n ní ẹ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, Ìyá."

"Àwọn ló ń kà á. Èmi ò kà á."

"Ta lẹ rò pé ó lè ba ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ mi ṣì wà lára mi. Èyí tí wọ́n gbé lọ, tiwọn ni."

Morónikẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n da èèpo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì fi ọwọ́ gbọ́n ìtẹ́lẹ̀ aṣọ wọn.

"Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ohun tí wàá gbọ́ lẹ́nu wọn fún ọ kó o tó gbọ́ ọ. Ìyàwó tó tẹ̀ lé mi, Zubaidah, ìyá Khàlíl, ó bí mẹ́rin. Mẹ́ta kú. Ara ń ro wọ́n, ojú wọn ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òní dára, ọ̀la kò dára, títí wọ́n fi lọ. Èmi bí mẹ́fà, mi ò sin ọ̀kan. Láti ìgbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti kú ni wọ́n ti ń wí i nílé yìí pé mò ń gba ọjọ́ ọmọ ọlọ́mọ kún tèmi. Bí mo bá ṣe ń gbó sí i ni ọ̀rọ̀ náà ń gbó sí i."

"Ta ló kọ́kọ́ wí i?"

"Òun ni. Ọkọ wa sì gbà á gbọ́."

"Ẹ ò bínú?"

"Mo bínú. Àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ jowú rẹ̀, kó tó di pé ó jowú mi. Ọjọ́ tí Làmídì gbé e wọlé, ó rẹwà, ohùn rẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ yẹn, ọkùnrin yẹn kò fi tọkàntọkàn sùn sí yàrá mi mọ́ títí ó fi kú. Zubaidah gba ọkùnrin, èmi gba ọjọ́ orí. Ìwọ ọlọ́pàá, èwo ni wàá mú ká ní wọ́n ní kó o yàn?"

Ìyá Àgbà tún mú ẹ̀gúsí mìíràn.

* * *

Morónikẹ́ padà sídìí kúlà, ó pe Wándé.

"Sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi."

"Ìgò ẹ̀jẹ̀. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n jẹ́ kó dì, àmọ́ ó ti yọ́. Àti omi lásán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì kúlà."

"Omi lásán yẹn, níbo ló ti wá?"

"Omi dídì ló yọ́, Màdáàmù. Dókítà Ògúntádé ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, ooru wọlé, ó yọ́. Ohun tí Rilwan rí nìyẹn."

"Kó àwọn ọ̀rá náà jáde."

Wándé kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ṣì kún fún omi dẹ́nudẹ́nu. Kò sí èyí tó ya, kò sí èyí tí wọ́n gé lẹ́nu. Ó wò wọ́n, ó tún wo omi inú kúlà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bí omi dídì bá yọ́ nínú ọ̀rá," Morónikẹ́ wí, "inú ọ̀rá náà ni omi rẹ̀ máa wà. Èyí tó wà nílẹ̀ kúlà kò ti inú ọ̀rá wá. Ẹnìkan ló bù ú wá, tó sì dà á sí i."

"Òjò ńkọ́? Bóyá òrùlé ń jò."

"Ìdérí wà lórí rẹ̀ nígbà tí Dókítà dé ibẹ̀. Òjò kì í gbóná, Wándé. Fi imú sí i."

Wándé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn. "Èéfín."

"Èéfín igi. Wo eérú tó léfòó lókè rẹ̀. Ta ló ń fi igi dáná nílé yìí?"

Wọ́n yí agboolé náà ká. Gáàsì ni àwọn ìyàwó ilé ń lò, wọ́n sì rí sílíńdà rẹ̀ ní ìdí ògiri. Ilé ìdáná kan ṣoṣo ni èéfín ti ń jáde, lẹ́yìn ilé pátápátá, níbi tí èèpo ẹ̀gẹ́ àti eérú ti pò mọ́ ẹrẹ̀, tí ilẹ̀ sì dúdú. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí níbẹ̀, wọ́n ń ti igi sí abẹ́ ìkòkò omi ńlá kan. Ìyá Khàlíl nìyẹn, Zubaidah, ìyàwó kejì Làmídì. Wọ́n kéré sí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ ju ti Ìyá Àgbà lọ.

"Ẹ kú iná o, Ìyá," Morónikẹ́ wí, ó sì kúnlẹ̀.

"Kú àárọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń se omi àlùwàlá fún gbogbo ilé?"

"Láti ìgbà tí Bàbá ti wà láyé. Ẹni tó bá fẹ́, kó wá bù ú. Èmi kì í ṣọ́ ọ."

"Dókítà ọkùnrin yẹn wá gba omi lọ́wọ́ yín nírọ̀lẹ́ àná?"

"Ó wá."

"Ẹ jọ sọ̀rọ̀?"

"Ó kí mi." Wọ́n ti igi sí i, iná ràn. "Ọmọlúàbí ni. Ó ṣàánú mi."

"Ó ṣàánú yín lórí kí ni?"

Ìyá Khàlíl ṣí ìkòkò wò. Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ìbínú ti wọnú ohùn wọn. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tèmi ṣe? Ìyálé mi ló gbó. Kí wọ́n gba tirẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Ṣé dandan ni kí wọ́n gba tèmi, kí wọ́n wá máa kà á sétí gbogbo èèyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀?"

Morónikẹ́ kò gbé ojú sókè. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó dìde, ó sì rìn jẹ́jẹ́ jáde, bí ẹni pé kò gbọ́ nǹkan kan.

* * *

Morónikẹ́ bá Dókítà Motúnráyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wọn.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ ka èsì ẹ̀jẹ̀ fún wọn ní gbangba?"

"Ní gbangba? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Inú yàrá la ti ń sọ ti oníkálukú fún un, òun nìkan."

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ẹnu ya dókítà náà. "Mo fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ agboolé lẹ́yìn ìrun, ká jọ jẹun. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbí. Tolúlàṣẹ nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

"Ẹ mọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ Ìyá Khàlíl?"

"Ẹ má bi mí níyẹn. Tiwọn ni, kì í ṣe tèmi láti sọ."

"Ẹ má sọ ohun tó jẹ́. Ẹ kàn sọ fún mi bóyá nǹkan wà tẹ́ ẹ mọ̀."

"A ti gún ìka gbogbo wọn láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nígbà tá a kọ́kọ́ wá. Nǹkan wà."

"Dókítà Ògúntádé mọ̀ ọ́n?"

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Ìbéèrè kan ló kù. Ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ ba ẹ̀jẹ̀ yìí jẹ́, tẹ́ ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀ mọ́ láéláé, kí lẹ máa dà sí i?"

"Kí n gbé e sọnù lódò ló dáa jù. Tàbí kí n ṣí ìgò náà kí n fi jíìkì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sí i." Ó mi orí. "Mi ò ní da omi gbígbóná sí i. Omi gbígbóná ń pa sẹ́ẹ̀lì, ó sì ti ba iṣẹ́ mi jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ okùn àbùdá kì í tètè kú. Mo ṣì lè ka nǹkan díẹ̀ nínú rẹ̀."

"Ṣé Dókítà Ògúntádé mọ èyí?"

"Òun ló kọ́ mi."

Morónikẹ́ rìn lọ bá Wándé lábẹ́ igi ọsàn.

"O rí i," ó wí, "ẹni tó da omi náà rò pé bí wọ́n ṣe ń pa ohun abẹ̀mí ni wọ́n ń pa ẹ̀jẹ̀, pé bó bá ti sè, ó ti kú, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Onímọ̀ kò lè rò bẹ́ẹ̀. Tolúlàṣẹ kò sì bẹ̀rù kí wọ́n kà á. Kì í ṣe òun ló dà á."

"Ìyá tó ń dáná ni? Ìyá yẹn, Màdáàmù?"

"Àwọn ni. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ̀rọ̀ Jímọ̀ fún wọn? Mo ti ń wá ọwọ́ tó da omi láti àárọ̀, mi ò wá ẹnu tó dá iná."

* * *

Tolúlàṣẹ ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ nínú yàrá àgbàdo nígbà tí Morónikẹ́ wọlé.

"Dókítà, mo ti rí i pé ẹ ò fọwọ́ kan kúlà yẹn."

Èjìká ọkùnrin náà rọlẹ̀. "Mo sọ fún yín."

"Ẹnu lẹ fi ṣe tiyín. Ẹ lọ bá ìyá tó ti sin ọmọ mẹ́ta, ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fún wọn, ẹ sì ní Dókítà Motúnráyọ̀ máa kà á fún gbogbo ilé ní Jímọ̀. Ẹ wá jí ní àsùbáà láti wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yín ti ṣiṣẹ́."

"Òtítọ́ ni mo sọ fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ni."

"Ṣé òtítọ́ ni ti Jímọ̀?"

Ó jókòó sórí àpò àgbàdo, ẹ̀wù funfun rẹ̀ sì kó eruku. "Mo ti ń lọ bá àwọn arúgbó ní abà wọn nígbà tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ó wí. "Wọ́n ní kí lèèyàn fẹ́ rí lára arúgbó. Nígbà tó wá di nǹkan tí òyìnbó ń béèrè, wọ́n ní ọmọ tó ń bá mi gbé àpò ni kó ṣe olórí. Ọkọ̀ òfurufú òní, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó pàdánù ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Morónikẹ́ lára ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó rí i pé òun lè bá ọkùnrin yìí sunkún bí òun bá dúró pẹ́, ó sì bínú sí i nítorí ìyẹn.

"Òun kọ́ lẹ ṣe é sí," ó wí. "Ìyá arúgbó lẹ ṣe é sí."

Dókítà Motúnráyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu Morónikẹ́. Kò pariwo. Ó pe ọ̀gá wọn ní Ìbàdàn lórí fóònù, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi kún un. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀gá náà ti pe Tolúlàṣẹ pé kó máa bọ̀ nílé, kó má sì fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí mọ́. Ọkadà ló gbé e jáde lábà, pẹ̀lú àpótí rẹ̀ lórí itan. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

* * *

Morónikẹ́ fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ iná Ìyá Khàlíl. Dókítà Motúnráyọ̀ dúró síta, níbi tí ó ti lè gbọ́ bí wọ́n bá pè é.

"Ìyá, mi ò wá mú yín. Dókítà ní òun ò pe yín lẹ́jọ́. Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara yín."

Ìyá Khàlíl wo iná náà pẹ́.

"Mo rò pé bó bá sè, kò ní lè wí nǹkan kan mọ́," wọ́n sọ níkẹyìn. "Ọkùnrin yẹn ní inú ẹ̀jẹ̀ mi ni ikú àwọn ọmọ náà ti wá. Rafíù. Sínótù. Mọrúfù. Ó ní wọ́n á kà á ní Jímọ̀, gbogbo ilé á gbọ́, ìyálé mi á gbọ́."

"Èyí tí ìyálé yín máa gbọ́ ló dùn yín jù?"

"Èwo ni ì bá tún dùn mí?" Wọ́n yíjú sí Morónikẹ́. "Ó bí mẹ́fà. Ó ń gbó, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbó. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀ àgbà, ọmọ náà á jẹ́ ẹ. Láràárọ̀. Bí kì í bá ṣe pé ó ń jẹ wọ́n, kí ló dé tí tèmi fi lọ tí tirẹ̀ dúró? Mo nílò kó jẹ́ òun. Ohun tí mo fi ń gbé e nìyẹn."

Wọ́n fi etí ìborùn nu imú wọn. "Pe dókítà yẹn wá. Èyí tó ti bọ́ sí etí mi, kí n kúkú gbọ́ ìyókù rẹ̀."

Dókítà Motúnráyọ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ sínú eérú, ó sì di ọwọ́ wọn mú.

"Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni, Mama. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe àbíkú. Ẹnikẹ́ni ò gba ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Ohun tó ń mú kí ẹnìkan gbó, abínibí ni, kò ṣeé jí lára ọmọ ọlọ́mọ."

"Inú ẹ̀jẹ̀ mi ló ti wá."

"Ẹni tó sọ fún yín kò sọ ọ́ tán. Bó bá jẹ́ ìyá nìkan ló gbé e, àrùn náà kì í pa ọmọ. Ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, àwọn méjèèjì ló ń pàdé lára ọmọ. Kò sì sí ẹni tó mọ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yin ò mọ̀, bàbá wọn ò mọ̀."

Ìyá Khàlíl gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. "Làmídì?"

"Dandan ni pé àwọn náà gbé ìdajì tiwọn wá."

"Làmídì tó ní èmi ni mo mú ìyálé mi bínú tó fi ń pa ọmọ òun." Wọ́n rọra tú ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ dókítà. "Làmídì."

Wọ́n dìde. Morónikẹ́ fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n ní kó fi àwọn sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé kọjá sí iwájú, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri, títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá Àgbà. Àwọn ìyàwó ilé tó wà nítòsí dákẹ́, nítorí kò sí èyí tó tíì rí wọn lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí.

"Ìyálé mi."

Ìyá Àgbà ti wọlé lọ, wọ́n fẹ̀yìn ti ibùsùn. "Ṣé kò sí?"

"Èmi ni mo da omi sí ẹ̀jẹ̀ yín."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ ní àsùbáà."

"Ẹ ò sọ fún ọlọ́pàá."

"Wọ́n ní ta ni mo rò pé ó ṣe é. Wọn ò ní ta ni mo gbọ́."

Morónikẹ́, tó dúró lẹ́yìn òpó, bojú wolẹ̀.

"Wọ́n ní kì í ṣe yín," Ìyá Khàlíl wí. Ohùn wọn kéré. "Wọ́n ní ìdajì rẹ̀ wà lára mi, ìdajì wà lára Bàbá."

Ewúrẹ́ kan ń ké ní ìta. Nígbà tí Ìyá Àgbà máa fọhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Làmídì ni wọ́n sọ.

"Rafíù," wọ́n wí, "kì í sùn àfi lẹ́yìn mi. Bí ara bá ti ń ro ó, èmi ló ń na ọwọ́ sí. Ṣé o rántí?"

"Mo rántí. Ọmọ tí mo bí. Mo máa ń dúró níta yìí, mo máa ń wò yín. Kò sí ohun tí mo kórìíra tó ìyẹn."

"Èmi náà mọ̀ pé ò ń wò mí," Ìyá Àgbà wí. "Ìdí tí mo ṣe kọ́kọ́ ń pọ̀n ọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wá fẹ́ràn ọmọ náà fún ara rẹ̀. Ọjọ́ tó kú, mi ò lè sunkún lójú ìwọ àti ọkọ wa."

Ìyá Khàlíl dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì wọlé.